Èdè Yorùbá Nínú Kíkọ́ Àwọn Òṣìṣẹ́ Họ́sípíìsì ní Ìdènà Ìpara-ẹni

Ìfáárà

Ohun tí ó gbé wa dé ìdí iṣẹ́ yìí kò ju gbólóhùn kan lọ. Ẹni tí ó bá ti jókòó ti aláìsàn tí àìsàn rẹ̀ ti kọjá ìwòsàn yóò ti gbọ́ ọ rí. Aláìsàn yóò mí kanlẹ̀, yóò ní, "Ayé ti sú mi." Kí ó tó pa ẹnu dé, ẹni tí ó jókòó tì í, ìbáà ṣe ọmọ, ìbáà ṣe nọ́ọ̀sì, ti dá a lóhùn: "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́." Ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Aláìsàn dákẹ́, àwa náà sì rò pé a ti tù ú nínú.

Èrò wa nínú bébà yìí ni pé bí ó ti wù kí ìfẹ́ pọ̀ tó nínú ìdáhùn yìí, ilẹ̀kùn ni ó ń tì mọ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. A fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe lè kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ họ́sípíìsì láti fi ìbéèrè sí ipò rẹ̀, ní èdè tí aláìsàn ń sọ, kí ẹni tí ó ń ro láti pa ara rẹ̀ lè rí ẹni bá sọ ọ́ kí ó tó pẹ́ jù. Olùkọ́ èdè ni wá, a kì í ṣe dókítà. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ìṣègùn, ohun tí àwọn oníṣègùn ti rí ni a gbẹ́kẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ ẹnu sì ni iṣẹ́ wa.

Họ́sípíìsì àti ìrora tí ó ju ti ara lọ

Họ́sípíìsì kì í ṣe ilé tí a ń kó ènìyàn lọ kú sí, bí àwọn kan ti rò. Ìtọ́jú ni, fún ẹni tí àrùn rẹ̀ kò gbóògùn mọ́, kí ìrora rẹ̀ lè dínkù, kí ó sì lè lo ìyókù ọjọ́ rẹ̀ pẹ̀lú iyì. Cicely Saunders, nọ́ọ̀sì tí ó padà di dókítà, ni ó dá St Christopher's sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1967. Òun ni ó kọ́ àwọn oníṣègùn pé ìrora ẹni tí ó ń kú lọ kì í ṣe ti ara nìkan: ti ọkàn wà níbẹ̀, ti àárín òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wà níbẹ̀, ti ẹ̀mí náà sì wà níbẹ̀. Ní Áfíríkà, Anne Merriman dá Hospice Africa Uganda sílẹ̀ ní Kampala ní 1993, níbi tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ti kọ́ bí a ṣe ń fi mọ́fíìnì olómi tọ́jú aláìsàn nínú ilé rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ní ẹ̀ka họ́sípíìsì àti ìtọ́jú ìtura, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláìtán Ṣóyánnwò sì wà lára àwọn tí ó ṣíwájú nínú iṣẹ́ náà ní Nàìjíríà.

Ilé ni ọ̀pọ̀ aláìsàn báyìí máa ń wà lọ́dọ̀ wa, òṣìṣẹ́ ni ó ń lọ bẹ̀ wọ́n wò. Nítorí náà, nígbà tí a bá ní òṣìṣẹ́ họ́sípíìsì, kì í ṣe nọ́ọ̀sì àti dókítà nìkan ni a ní lọ́kàn. Awakọ̀ tí ó gbé nọ́ọ̀sì wá wà níbẹ̀. Ẹni tí ó ń pín oògùn, ẹni tí ó ń gbálẹ̀, pásítọ̀ àti àfáà tí ó ń wá gbàdúrà, gbogbo wọn ni aláìsàn lè sọ ọ̀rọ̀ sí létí. Kì í sì í ṣe ohun ìyanu bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ó ń gbálẹ̀ ni ó sọ òótọ́ fún, nítorí pé ẹni náà kò mú bírò àti ìwé dání.

Ohun tí ìwádìí fi hàn

Àwọn kan lè béèrè pé kí ni ẹni tí ó ti ń kú lọ tún ń para rẹ̀ fún. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Sweden, tí ó jáde nínú New England Journal of Medicine ní 2012, yẹ àkọsílẹ̀ àwọn ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù 6 wò. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí a sọ fún ènìyàn pé ó ní jẹjẹrẹ, ewu pé yóò gbẹ̀mí ara rẹ̀ ju ìlọ́po 12 ti ẹni tí kò ní àrùn náà lọ. Láàrin ọdún àkọ́kọ́, ó ṣì jẹ́ bí ìlọ́po 3. Èyí kọ́ wa pé ìdènà kò gbọdọ̀ dúró di ìgbà tí aláìsàn bá dé họ́sípíìsì. Ọjọ́ tí wọ́n sọ orúkọ àrùn fún un ni ewu ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá, àwọn ọmọ a máa bẹ dókítà pé kí ó má sọ fún bàbá tàbí màmá àwọn. Bí aláìsàn bá wá gbọ́ ọ ní ẹnu ẹlòmíràn lójijì, òun nìkan ni yóò dá ru ẹrù ìròyìn náà.

Ìwádìí kejì ni ti Harvey Chochinov àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Winnipeg, Kánádà, tí ó jáde ní 1995. Wọ́n bá 200 aláìsàn tí ikú ti sún mọ́ sọ̀rọ̀. Ìdá 44.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó sọ pé ó máa ń wu àwọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí ikú tètè dé. Ṣùgbọ́n àwọn 17 péré, ìyẹn ìdá 8.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ni ìfẹ́ ikú náà jinlẹ̀ lọ́kàn wọn tí kò sì kúrò. Ju ìdajì àwọn 17 yìí lọ ni ó ní àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, nígbà tí irú rẹ̀ kò tó ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún láàrin àwọn tó kù. Wọ́n tún bá mẹ́fà nínú wọn sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìfẹ́ ikú náà sì ti lọ sílẹ̀ lára mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn sí èyí. Ìfẹ́ ikú a máa lọ, a máa bọ̀. Ẹni tí ó ń sọ lónìí pé òun kò fẹ́ rí ọ̀la lè máa béèrè ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i, bí a bá tọ́jú ìrora àti ìrẹ̀wẹ̀sì rẹ̀.

Àwọn àmì tí kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé

Nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a ń ṣe fún àwọn olùkọ́ àti ọ̀dọ́, wọn a máa ka àwọn àmì sílẹ̀: kò jẹun mọ́, kò sùn mọ́, ó ń kó dúkìá rẹ̀ fún ènìyàn, ó ń dágbére. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ilé-ìwé, ẹ̀rù yóò bà wá, ó sì yẹ kí ó bà wá. Ṣùgbọ́n ní họ́sípíìsì, gbogbo rẹ̀ ni ó bá ìgbà mu. Jẹjẹrẹ ni kò jẹ́ kí ó jẹun. Màmá tí ó pe ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí ó ní, "Aṣọ òkè yìí, ìwọ ni kí o mú un," ń pín ogún ni, ohun tí àgbà tí orí rẹ̀ pé ń ṣe ni. Òṣìṣẹ́ tí a bá kọ́ pẹ̀lú ìwé tí a kọ fún ilé-ìwé yóò máa rí ewu níbi tí kò sí, yóò sì sú u láìpẹ́.

Ohun tí a rò pé ó yẹ kí a kọ́ ọ ni kí ó máa wo ohun tí ó bá yí padà lójijì tàbí tí ó ń lọ ní ìkọ̀kọ̀: aláìsàn tí ó ti ń lo oògùn rẹ̀ dáadáa tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú rẹ̀ pamọ́, ẹni tí ó ní kí wọ́n fi òun nìkan sílẹ̀ lóru, ẹni tí kò fẹ́ rí àwọn tí ó ti ń fẹ́ rí tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí ó fetí sí gírámà.

Ta ni olùṣe?

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa lè rẹ́rìn-ín pé olùkọ́ Yorùbá tún ti dé pẹ̀lú gírámà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn gbólóhùn wọ̀nyí tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu aláìsàn:

"Mo ti ṣe tán, ìgbà tí Ọlọ́run bá pè mí ni."
"Kí ikú kúkú wá mú mi lọ."
"Ó máa tó tán."
"Mo máa wá nǹkan ṣe sí i."

Nínú gbólóhùn kìíní, Ọlọ́run ni ó ń pe ènìyàn. Ẹni yìí ti gba pé ikú ń bọ̀, kò sì sí ohun tí ó burú níbẹ̀. Nínú ìkejì, ikú ni olùṣe, aláìsàn ni a ó mú lọ. Ó ti rẹ ẹni yìí, ó yẹ kí a béèrè ohun tí ó ń ni ín lára, ṣùgbọ́n kò tíì sọ pé òun fẹ́ ṣe nǹkan kan. Ìkẹta ni ó farasin jù: kí ni "ó" yẹn? Ṣé ìrora ni, àbí ẹ̀mí? Nínú ìkẹrin, aláìsàn fúnra rẹ̀ ti di olùṣe. Òṣìṣẹ́ tí a bá ti kọ́ láti máa bi ara rẹ̀ pé "ta ni olùṣe?" yóò dúró níbi gbólóhùn kẹta àti ìkẹrin, kò ní fò wọ́n kọjá.

A kò sọ pé gírámà nìkan tó. "Ẹ kò ní í bá mi mọ́" kò ní "mo" nínú rẹ̀, síbẹ̀ ó lè wúwo ju gbogbo wọn lọ. Àwọn àgbà wa a sì máa fi òwe bo ọ̀rọ̀. "Ikú yá ju ẹ̀sín" ni èyí tí ó yẹ kí a fi etí sí jù. Nínú ìtàn, ọ̀rọ̀ jagunjagun àti ìjòyè ni, ẹni tí kò fẹ́ kí ọwọ́ ọ̀tá tẹ òun. Lórí ibùsùn àìsàn, ẹ̀sín náà ti yí padà. Ó lè jẹ́ pé ìyàwó ọmọ ni ó ń wẹ̀ fún bàbá, tàbí pé àlejò gbọ́ òórùn egbò rẹ̀. Òwe ni ó pa, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ni ó ń rò.

Bí a ṣe ń béèrè

Ìwé ìtọ́sọ́nà mhGAP ti Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ gbangba pé bíbi ènìyàn léèrè nípa ìpara-ẹni kì í gbin èrò náà sí i lọ́kàn. Èyí ni ohun tí ó máa ń ya àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́nu jù, nítorí pé nínú àṣà wa, ọ̀rọ̀ ní agbára, a kì í sì í dárúkọ ohun tí a kò fẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí a fi ìgbàgbọ́ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ nínú kíláàsì. Ohun tí a lè sọ ni pé ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú aláìsàn kí a tó dé ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n títúmọ̀ ìbéèrè láti inú Gẹ̀ẹ́sì kò tó. Ìbéèrè àkọ́kọ́ nínú òṣùwọ̀n Columbia, tí a ń lò káàkiri, ń béèrè bóyá ó ti wu ènìyàn kí ó ti kú, tàbí kí ó sùn kí ó má jí mọ́. Fún arúgbó tí ó ń jẹ̀rora, "kí n sùn, kí n má jí" lè jẹ́ àdúrà ikú ìrọ̀rùn. Ọ̀pọ̀ yóò dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì ní túmọ̀ sí ohun kan pàtó. Ìbéèrè kejì, tí ó dárúkọ pípa ara ẹni, ni ó ṣe pàtàkì, òun náà sì ni òṣìṣẹ́ ń sá fún. Bí ọ̀dọ́mọdé nọ́ọ̀sì bá sì wo ojú àgbà, tí ó ní, "Ṣé ẹ fẹ́ pa ara yín ni?", ìwọ̀sí ni yóò gbọ́. Ohun tí a dábàá nìyí:

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ bi yín. Ẹni tí ara bá ń ni bí ó ti ń ni yín yìí, nígbà mìíràn èrò a máa wá sí i lọ́kàn pé kí òun kúkú fi ọwọ́ ara òun pa ara òun. Ṣé irú èrò bẹ́ẹ̀ ti wá sí yín lọ́kàn?"

Ó tọrọ àforíjì ṣáájú. Ó fi aláìsàn sí àárín àwọn ẹlòmíràn, kò dá a yà sọ́tọ̀. "Èrò" ni ó ń wá, kì í ṣe bàbá ni ó lọ wá a, nítorí náà kò sí ẹ̀sùn nínú rẹ̀. Síbẹ̀, "pa ara" wà níbẹ̀ kedere, a kò fi òwe bò ó. Èyí tí a kò gbọdọ̀ lò ni "Ẹ kò ní irú èrò burúkú yẹn lọ́kàn, àbí?" nítorí pé ìdáhùn ti wà nínú rẹ̀.

Àpẹẹrẹ ìjíròrò méjì tí a ṣẹ̀dá fún kíláàsì nìyí. Àkọ́kọ́:

Màmá: Nọ́ọ̀sì, ẹrù tí mo dì lé àwọn ọmọ yìí lórí ti pọ̀ jù. Mo máa wá nǹkan ṣe sí i.
Nọ́ọ̀sì: Ha, Màmá! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọ yín ò ráhùn o. Ẹ ṣáà ti máa lo oògùn yín.
Màmá: Ó dáa. O ṣé, ọmọ mi.

Èkejì:

Màmá: Mo máa wá nǹkan ṣe sí i.
Nọ́ọ̀sì: Màmá, kí ni nǹkan tí ẹ fẹ́ ṣe sí i?
Màmá: Ẹni tí wọ́n ń wẹ̀ fún bí ìkókó, kí ló tún kù? Ikú yá ju ẹ̀sín.
Nọ́ọ̀sì: Ìwẹ̀ yẹn dùn yín wọra.
Màmá: Ó dùn mí.
Nọ́ọ̀sì: Màmá, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ bi yín. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá dùn báyìí, èrò a máa wá sí i nígbà mìíràn pé kí òun pa ara òun. Ṣé ó ti wá sí yín lọ́kàn?
Màmá: Ó ti wá lẹ́ẹ̀mejì. Lóru.
Nọ́ọ̀sì: Ẹ ṣé tí ẹ sọ fún mi, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ bí òru náà ṣe rí.

Nínú ìjíròrò kejì, ohun méjì tí ó ní àtúnṣe ti jáde: ìwẹ̀ àti òru. A lè bi Màmá ẹni tí ó fẹ́ kí ó máa wẹ̀ fún òun. Dókítà lè yẹ oògùn alẹ́ wò. Nínú ti àkọ́kọ́, a kò mọ nǹkan kan, a sì ti kọ ọ́ sínú fáìlì pé ara Màmá balẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ìjíròrò yìí ní méjì-méjì, kí wọ́n sì pààrọ̀ ipò. Òfin kan ṣoṣo ni kí a fún wọn: "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu wọn fún ìṣẹ́jú 10. Ó ṣòro ju bí ó ti ń dún létí lọ. Ẹ dán an wò nílé. A kò sọ pé kí òṣìṣẹ́ má gbàdúrà. Kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ó fẹ́ gbàdúrà lé lórí ni.

Lẹ́yìn ìbéèrè

Paul Quinnett, ará Amẹ́ríkà tí ó gbé ìlànà QPR kalẹ̀ ní 1995, pín iṣẹ́ náà sí mẹ́ta: bi í, rọ̀ ọ́, fà á lé ẹni tí ó lè ràn án lọ́wọ́. Ìkẹta ni awakọ̀ àti ẹni tí ó ń gbálẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ dájú: orúkọ ẹni tí wọn yóò pè, àti nọ́ńbà rẹ̀. Bí aláìsàn bá ti sọ ọ̀nà tí òun fẹ́ gbà tàbí ìgbà tí òun fẹ́ ṣe é, a kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ ní òun nìkan títí ẹni náà yóò fi dé.

Àwọn tí ó ti kọ́ṣẹ́ ìlera ọpọlọ a máa lo ètò ààbò tí Barbara Stanley àti Gregory Brown ṣe. Aláìsàn àti òṣìṣẹ́ ni yóò jọ kọ ọ́, ní ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn: bí èrò náà ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀, ohun tí ó máa ń mú un fúyẹ́, ẹni tí ó lè jókòó tì í, ẹni tí ó lè sọ fún, òṣìṣẹ́ ìlera tí ó lè pè, àti bí a ó ṣe mú ohun eléwu kúrò nítòsí. Ìkẹyìn yìí kan họ́sípíìsì gan-an, nítorí pé oògùn tí ó lágbára wà nínú ilé. Kì í ṣe ká gba mọ́fíìnì lọ́wọ́ ẹni tí ó ń jẹ̀rora, nítorí ìrora tí a kò tọ́jú wà lára ohun tí ń mú ikú wu ènìyàn. Kí ẹnì kan nínú ẹbí máa tọ́jú rẹ̀, kí ó máa fún un ní ìwọ̀n àti ní àsìkò, kí òṣìṣẹ́ má sì kó èyí tí ó pọ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Aláìsàn yóò bẹ̀bẹ̀ pé, "Má sọ fún ẹnikẹ́ni." Kí òṣìṣẹ́ má ṣèlérí. Ó lè wí pé, "Màmá, mi ò ní máa sọ ọ́ káàkiri, ṣùgbọ́n mi ò lè fi í pamọ́ fún dókítà. Ẹ jẹ́ kí a jọ sọ fún un." Ẹ̀rù òfin náà wà níbẹ̀. Abala 327 nínú òfin Criminal Code tí a ń lò ní gúúsù sọ pé ẹni tí ó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún kan. Abala 231 nínú Penal Code ti àríwá náà kà á sí ẹ̀ṣẹ̀. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 yàtọ̀, ilé ìwòsàn ni ó ní kí adájọ́ rán irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ fọwọ́ sí Òfin Ìlera Ọpọlọ tuntun. Kí òṣìṣẹ́ mọ̀ pé èrò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin, ìgbìyànjú ni àwọn abala wọ̀nyí ń bá wí. Ẹ̀rù ọlọ́pàá kò yẹ kí ó dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti béèrè.

Níbi tí nọ́ọ̀sì kò bá gbọ́ Yorùbá

Ìlú tí a wà yìí kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá, ìpàdé wa sì jẹ́ ti onírúurú èdè. Àwọn Yorùbá ń ṣàìsàn níbí, àwọn Haúsá àti Ìgbò náà sì ń ṣàìsàn ní Ìbàdàn. Nígbà tí èdè kò bá pọ̀ mọ́ra, ọmọ aláìsàn ni a sábà ń sọ di ògbufọ̀. Ẹ rò ó wò: nọ́ọ̀sì fẹ́ kí ọmọ béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ bóyá ó ń ro láti pa ara rẹ̀. Ọmọ náà yóò yí ìbéèrè padà, tàbí kí ó ní, "Màmá ní rárá," láìbéèrè. A kò lè dá a lẹ́bi. Ìyá náà kò sì ní sọ òótọ́ fún ọmọ tí ó rò pé òun ti di ẹrù sí lọ́rùn. Nítorí náà, kí họ́sípíìsì kọ̀ọ̀kan ní ògbufọ̀ tí kì í ṣe ẹbí, tí a ti kọ́ ní àwọn ìbéèrè yìí. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ ni ó ní àwọn olùkọ́ èdè tí ó lè ṣe é. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní ẹ̀ka Haúsá àti Ìgbò yóò mọ gbólóhùn tí ó wà ní ipò "mo máa wá nǹkan ṣe sí i" nínú èdè tiwọn. Inú wa yóò dùn láti jókòó pẹ̀lú wọn kí a kọ wọ́n sílẹ̀ kí ìpàdé yìí tó parí.

Àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn

Ikú ni wọ́n ń bá jí, òun ni wọ́n ń bá sùn. Nígbà mìíràn, pẹ̀lú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe, aláìsàn kan yóò pa ara rẹ̀. Ní ọjọ́ yẹn, ìbéèrè tí ẹbí àti ọ̀gá máa ń kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì ni, "Kí ló dé tí o ò tètè rí i?" Kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kọ́ àwọn ọ̀gá náà láti má bi í bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n pe gbogbo àwọn tí ó tọ́jú aláìsàn náà jọ láàrin ọjọ́ díẹ̀, awakọ̀ pẹ̀lú, kí oníkálukú sọ ohun tí ó rí àti bí ó ṣe rí lára rẹ̀, láìwá ẹlẹ́bi. Bí ẹnì kan nínú wọn bá sì wí níbẹ̀ pé, "Ayé ti sú èmi náà," ìbéèrè kan náà tí a kọ́ wọn láti máa bi aláìsàn ni kí wọ́n bi í.